Mr. Bean ń sọ̀rọ̀ dáadáa o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá odi ni Mr. Bean àti eré tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ ohùn ẹ̀; kì í ṣe odi rárá. Rowan Atkinson tó ń ṣe Mr. Bean, tẹ́ ẹ ní gbogbo eré ẹ̀ tẹ́ ẹ ti wò ńṣe ló kàn ń kùn nímú yẹn, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Blackadder, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n, ni kẹ́ ẹ wá, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí apá kìíní ti 1983 o, ti 1986 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí nínú ti àkọ́kọ́ yẹn ó ṣì ń ṣe bí òmùgọ̀, apá kejì ló wá di ọlọ́gbọ́n àrékérekè tó ń fọ̀rọ̀ gún èèyàn lára.

Ìyẹn tí etí yín bá gba òyìnbó tó ń yára sọ̀rọ̀ o. Tí ò bá gbà á, ẹ lọ sórí fíìmù Johnny English (2003), ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà àmọ́ wàhálà tó ń dá sílẹ̀ ló pọ̀ jù.

Eré kéékèèké lórí tẹlifíṣọ̀n BBC ló fi di gbajúmọ̀, Not the Nine O'Clock News, 1979 sí 1982, òun àti aláwàdà Mel Smith àtàwọn tó kù. Iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ló kà ní yunifásítì o, ẹ wo ibi tó já sí! Mr. Bean tó wá gbòde yẹn, ìpín ẹ̀ ò ju 15 lọ, 1990 sí 1995.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí i níbi tí ò ti ṣe yẹ̀yẹ́ kankan, ó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Maigret fún tẹlifíṣọ̀n ITV ní 2016 àti 2017, ojú ẹ̀ le koko, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Àbí ẹ rántí Zazu, ẹyẹ aláròyé inú The Lion King ti 1994? Òun náà ni.