Kí ẹnikẹ́ni tó gun òpó yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì

Àǹtí mi, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti kó dé ilé tuntun yẹn ní Ìkòròdú, kíípáàdì mítà yín, èyí tí ẹ fi ń tẹ nọ́ńbà nínú ilé ránṣẹ́ sí mítà orí òpó, ń tanná lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà token tán, ohun tó ń kọ ni pé òun ò rí mítà bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní ẹnìkan fẹ́ gbowó kó lè gun òpó lọ ṣí mítà wò, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fún un. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ 11 ni èmi fi wà nínú òkùnkùn, token tí mo ti sanwó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Ìbàdàn ni mo wà, lápá Àpẹ́tẹ̀. Alẹ́ Friday kan ni owó iná tán. Mo ra òmíràn lórí fóònù, token oní-díjíìtì 20 wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Kíípáàdì rò ó títí, ó ní òun ò rí mítà. Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ńbà náà fi wọ̀ mí lórí. Títí dòní, bí ẹ bá jí mi lóru, màá kà á fún yín láìwo ìwé. Mo gbé kíípáàdì lọ sílé aládùúgbò mi tí iná wà, mo tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn. Òfo. Inverter tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà gbé gílóòbù àti fáànù di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kú. Láti ìgbà yẹn, jẹnẹrétọ̀ ni lálaalẹ́.

Monday, mo dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná. Ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní kí n lọ dúró de àwọn tó ń ṣe é. Wednesday ni wọ́n dé. Ọ̀kan dúró nísàlẹ̀ òpó, ó gbójú wo mítà lókè bí ẹni ń wo òṣùpá, ó ní ó ti kú, kí n lọ kọ lẹ́tà. Èkejì ní token mi ló ti bàjẹ́, kí n ra òmíràn. Ọjọ́ kejì, ẹnìkẹta yọ́ wá, ó ní kí n rí òun, òun á so iná mi tààrà títí mítà tuntun yóò fi dé. Àwọn yìí kan náà ni ì bá padà wá mú mi pé mo ń jí iná! Turkey tí ìyàwó mi ń tà ti ń rùn nínú fríísà. Ọjọ́ tí a dà á nù, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, bí ẹni pé èmi ni mo gbé mítà lọ sórí òpó.

Ọmọ iṣẹ́ oníná kan tó wá tún fáànù ṣe lọ́dọ̀ aládùúgbò ló yọ mí. Ó wo ibi tí kíípáàdì wà, ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ìdí inverter ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ti ń mu iná?" Ó yọ ọ́, ó gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà nídìí chéńjóvà, ó tẹ nọ́ńbà. Kíípáàdì dún píìn. Fríísà tó ti ṣófo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ohun tí wọn kì í sọ fún wa nìyí. Púpọ̀ nínú mítà orí òpó wọ̀nyí, wáyà tí iná ń gbà wọlé náà ni kíípáàdì ń gbà ránṣẹ́ sí mítà. Bí ẹ bá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, ojú rẹ̀ á tàn, ṣùgbọ́n wáyà ibẹ̀ kò dé òpó. Ilé aládùúgbò sì lè má ṣe é, wáyà tiyín ló lọ tààrà sí mítà tiyín. Inverter tó ń gba iná, àti àwọn chájà olówó pọ́ọ́kú, tún máa ń pariwo lórí wáyà náà débi tí mítà ò ní gbọ́. Bí kíípáàdì yín kò bá ní ẹnu tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rárá, ìgbì rédíò ló sábà máa ń lò. Bátìrì tuntun ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ sún mọ́ òpó.

Torí náà, ẹ yí chéńjóvà sí NEPA, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ fi bátìrì tuntun sí kíípáàdì, ẹ tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter ò gbé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìdérí mítà. Púpọ̀ nínú mítà wọ̀nyí máa ń mọ̀ bí ẹnìkan bá ṣí wọn. Mítà á pa iná, ọ́fíìsì ló sì máa fún yín ní nọ́ńbà tí yóò tú u. Ẹ̀ ń bọ̀ wá ṣàlàyé ara yín nìyẹn.

Ti àwọn tí kíípáàdì wọn ń bá mítà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí mítà ń kọ token, ọ̀tọ̀ ni. Ètò token tí wọ́n ṣe ní South Africa yìí ń ka ìṣẹ́jú láti January 1, 1993, àyè tó fi ń kà á sì kún ní November 24, 2024. Mítà tí wọn ò tíì tún ṣe ní láti kọ́kọ́ gba nọ́ńbà oní-díjíìtì 20 méjì kan, ní ẹsẹẹsẹ, kó tó gba token gangan. Bí ilé bá ti ṣófo láti ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní nọ́ńbà méjèèjì, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ sanwó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pariwo.

Áà, ẹ sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni. Ẹ tún wò ó bóyá kíípáàdì tí ayálégbé tó jáde fi sílẹ̀ ni ti mítà yín lóòótọ́. Nínú ilé tí mítà bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọ́n máa ń dà á pọ̀. Nọ́ńbà mítà wà lára mítà, ó sì yẹ kó bá ti inú kíípáàdì mu. Token tí ẹ ti rà kò jóná, ẹ má tíì ra òmíràn lé e. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ sọ ohun tó kọ fún wa.