Ṣé ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí ló ń ba ọpọlọ jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 40 kí n tó bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ ò ké, ó sì ti fa ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ 4 ni ẹ̀rọ fi bá a mí. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 6 báyìí, ó ń mu ọyàn dáadáa. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ tí ẹ̀rọ bá ti bá mí, orí rẹ̀ kì í pé. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìkókó, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìkókó. Ẹ bá wa sọ fún Ìyá àgbà pé ohun tó gbé ọmọ dé ìdí ẹ̀rọ ni ká wádìí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni ìgbẹ́ náà dà láàmú, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà bí ẹgbẹ́ wọn, bí àyà àwọn mìíràn tilẹ̀ ń han tí òtútù bá mú wọn. Àmọ́ bí ọ́síjìn ò bá dé ọpọlọ nígbà ìrọbí, ibẹ̀ ni ewu wà.

Ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ń lọ sílé ló máa sọ ọ́. Ṣé gìrì mú un ní ọjọ́ 3 àkọ́kọ́? Ṣé ara rẹ̀ rọ bí aṣọ? Ọjọ́ wo ló fa ọyàn fúnra rẹ̀? Bí gìrì ò bá mú un, tí ojú rẹ̀ dá, tó sì ń fa ọyàn kó tó pé ọ̀sẹ̀ 1, ọkàn yín lè balẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀rọ náà ní ewu tirẹ̀ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá le jù lè dá ẹ̀dọ̀fóró lu. Kẹ́lẹ́bẹ̀ lè dí rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun, tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 3.5 lọ; kòkòrò àrùn sì lè gba inú rẹ̀ wọlé. Orí ẹ̀rọ níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti máa ń hàn. Èyí tó lè fara hàn lẹ́yìn ni pé kí ọ̀nà ọ̀fun fún: bí èémí ọmọ bá ń han bó ṣe ń fà á sínú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Etí rẹ̀ ló ń jẹ wá lọ́kàn jù. Àìtó ọ́síjìn àti abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn, tí wọ́n sábà máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lè pa etí lára láìsí àmì kankan lójú. Ẹ ṣe àyẹ̀wò etí kó tó pé oṣù 3. Èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ni kí ẹ béèrè fún, nítorí èyí tí wọ́n kàn ń ki nǹkan bọ etí lè fo àìsàn iṣan etí dá. Ọmọ gbọ́dọ̀ sùn kí wọ́n tó ṣe é, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́nà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fún un lọ́yàn.

Ní oṣù 4, kó lè gbé orí dúró. Ní oṣù 9, kó jókòó láìfarati. Ní oṣù 18, kó rìn. Bí ìkúùkù rẹ̀ bá ṣì ń dì ní gbogbo ìgbà ní oṣù 4, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọjá lórí ara wọn bíi sísọ́ọ̀sì, tàbí tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo kó tó pé ọdún 1, ẹ má dúró de ìgbà tó máa rìn kí ẹ tó rí dókítà ọmọdé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6 ti tó gbà báyìí. Ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn dání lọ, kí ẹ sì béèrè àyẹ̀wò etí níbẹ̀.