Ibùsùn Òru Kan Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù: Bí Ẹ Ó Ṣe Ná Máìlì Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Àró ni mò ń gbé ní Akúrẹ́ níbí. Ọmọbìnrin mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Toronto. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ British Airways lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo wọ Qatar Airways lẹ́ẹ̀kan, Ethiopian ni mo sì wọ̀ lọ sí Kánádà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ mi ní mo ní Avios 41,000 lọ́dọ̀ British Airways, ìyẹn máìlì tí wọ́n fi ń san ẹ̀san fún oníbàárà, téèyàn lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, torí òun náà máa ń fi ti ọjà tó bá rà kún un, mo sì ní 12,000 lọ́dọ̀ Qatar. Ó ní ti Ethiopian kò sí rárá nítorí a ò fi nọ́ńbà kankan sílẹ̀. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu gan-an báyìí. Tí mo bá fi wákàtí mẹ́fà jókòó síbi tóóró yẹn, ẹsẹ̀ mi á wú débi pé bàtà kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé máìlì yìí lè gbé mi dé iwájú níbi tí wọ́n ti ń sùn? Àbí kí n kàn fi dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrora orúnkún, mà. Ó lè gbé yín dé iwájú, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ-bọ̀. Àlọ nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ ná an sí, láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi owó ra àbọ̀ ní ìkónọ́mì, ìyẹn ìjókòó ẹ̀yìn tí owó rẹ̀ kéré. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe ní Alágbàká, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí mo máa ń tún sọ jù fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà lókè òkun.

Bàálù British Airways tó ń kúrò ní Èkó, òru ló ń fò. Ó máa ń gbéra nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú dáadáa, ìdájí ló sì ń balẹ̀ ní Heathrow. Èyí tó ń bọ̀ wálé láti ibẹ̀, ojúmọmọ ló ń fò. Lójúmọmọ, èèyàn á jẹun, á wo fíìmù, á dìde na ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn bàálù, ọjọ́ á sì lọ. Lóru, oorun nìkan ni ara ń béèrè. Ibẹ̀ gan-an ni àga tó ń tẹ́ gbọọrọ bí ibùsùn ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ ń wú, ẹ máa na ẹsẹ̀ yẹn tán, ẹ máa gbé e sókè sórí ìrọ̀rí bó bá wù yín.

Ìdí kejì jẹ mọ́ owó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní owó orí kan tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ bàálù kúrò nílùú wọn, Air Passenger Duty ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó jókòó níwájú ń san ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tó jókòó ní ìkónọ́mì ń san. Máìlì kì í sábà bá yín san án. Avios yín ì báà pọ̀ tó, ẹ ṣì máa san owó lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbéra láti Èkó kò ní owó orí yẹn láti san lálọ, ìdí nìyẹn tí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, ìyẹn ìjókòó iwájú yẹn, fi rọrùn fún un ju ẹni tó gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù. Tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa bi yín pé ṣé kí àwọn yọ Avios díẹ̀ kí àwọn fi gé owó yín. Ó máa ń dùn mọ́ni nínú, torí owó tó wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ lèèyàn ń rí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò èrè lọ́jà. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ lò, kì í ṣe iye òní. Ká ní ìkónọ́mì àlọ jẹ́ £400. Tí ẹ bá fi máìlì gbà á, wọ́n ní kí ẹ mú 25,000 wá pẹ̀lú £150. £250 ni máìlì gbà là fún yín. Tí ẹ bá pín in sórí 25,000, máìlì kọ̀ọ̀kan pa pẹ́ńsì kan. Ká wá ní bísínẹ́ẹ̀sì àlọ jẹ́ £1,500, wọ́n ní kí ẹ mú 60,000 wá pẹ̀lú £300. £1,200 lẹ gbà là, máìlì kọ̀ọ̀kan pa pẹ́ńsì méjì. Máìlì kan náà ni o, mà, ibi tí ẹ ná an sí ló yàtọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Máìlì tí ẹ bá fi gé owó péréte kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì lónìí, tí ẹ bá fẹ́ rà á padà lọ́wọ́ wọn lọ́la, ẹ máa rí i pé ó ti gbówó lórí.

Mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n ka máìlì sí àjọ, ṣùgbọ́n alájọ tirẹ̀ lágbára ju ti ọjà Ọba lọ. Alájọ ọjà Ọba, ohun tí ẹ dá ló máa kó fún yín, yóò kàn yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lè jí lọ́jọ́ kan kó ní ìjókòó tó jẹ́ 50,000 lánàá ti di 65,000. Kò sẹ́ni tó máa mú un. Láti 1981 tí American Airlines ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ni wọ́n ti ń yí òfin rẹ̀ padà. British Airways fúnra wọn yí i ní oṣù kẹwàá 2023: tẹ́lẹ̀, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n fi ń ka Avios fúnni, báyìí iye owó tí ẹ san ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n pọ́ọ́kú kì í rí máìlì tó pọ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ má kó o pamọ́ bí aṣọ òkè tí à ń dúró de ìnáwó ńlá fún. Bó bá ti tó ohun tí ẹ fẹ́, ẹ ná an.

Àkáǹtì méjèèjì tí ẹ ní, Avios ló wà níbẹ̀, torí Qatar náà ti ń lo Avios láti 2022. Ọmọ yín lè so àkáǹtì méjèèjì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kó 12,000 yẹn wá bá 41,000. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Ó di 53,000. Àmọ́ orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu. Ibí ni mo ti ń rí wàhálà jù lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa. Ọmọ á ṣí àkáǹtì kan pẹ̀lú orúkọ ọkọ, á ṣí èkejì pẹ̀lú orúkọ bàbá ìyá, ọ̀kan á ní orúkọ àárín, èkejì kò ní ní i. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Bí orúkọ ṣe wà lára ìwé ìrìnnà yín gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kó wà níbi méjèèjì, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí kan náà.

Ṣé 53,000 á tó? Ó dá lórí ọjọ́ tí ẹ mú. British Airways pín ọdún sí ọjọ́ tí èrò pọ̀ àti ọjọ́ tí èrò kò pọ̀. Ìgbà tí ilé-ìwé wọn wà ní ìsinmi, Kérésìmesì àti Àjíǹde máa ń wọ́n jù. Wọ́n tún máa ń fún yín láyè láti yàn: kí Avios pọ̀ kí owó kéré, tàbí kí Avios kéré kí owó pọ̀. Ẹni tí máìlì rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó lè gba ọ̀nà kejì yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ yín ní Avios tó pọ̀ nínú àkáǹtì tirẹ̀, kó kúkú fi tirẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lórúkọ yín. Òfin gbà á láyè.

Ohun tí òfin kò gbà ni kéèyàn máa ta máìlì. Mo ń kọ eléyìí pẹ̀lú ìbànújẹ́ nítorí mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí mo mọ̀. Ẹnì kan á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ní ìdajì owó. Máìlì tí wọ́n jí nínú àkáǹtì ẹlòmíì ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á. Ọkọ̀ òfurufú á rí i, wọ́n á fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹ̀yin á sì wà ní pápákọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Bákan náà, ẹni tó bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lójú.

Ti Ethiopian ń dùn mí, mà, torí ọ̀nà Kánádà jìn, máìlì ibẹ̀ kò kéré. Kò lè dàpọ̀ mọ́ Avios láé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń gba máìlì ara wọn. Ẹgbẹ́ Star Alliance ni Ethiopian wà, pẹ̀lú Lufthansa, Turkish, EgyptAir, United àti Air Canada. British Airways àti Qatar wà nínú Oneworld. Ẹgbẹ́ kẹta ni SkyTeam, níbi tí Air France, KLM, Delta, Kenya Airways àti Virgin Atlantic wà. Ẹ lè fi máìlì Ethiopian wọ bàálù Air Canada, ṣùgbọ́n kò lè gbé yín wọ British Airways. Síbẹ̀, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ShebaMiles, ètò máìlì Ethiopian, lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ṣì lè ka máìlì ìrìn àjò yẹn fún yín. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti páálí tí ẹ fi wọ bàálù ni wọ́n máa béèrè.

Ní ti páálí yẹn: bàbá kan wá sí ọ́fíìsì mi, ó kó gbogbo tirẹ̀ sínú àpò ìwé, ó fi rọ́bà dè é, mẹ́jọ ni wọ́n. Nígbà tí a tú u, mẹ́fà nínú ẹ̀ ti funfun báláú. Oríṣi ìwé tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kì í pẹ́ kó tó ṣá, ooru ilé wa sì ń yára pa á. Èyí tó ṣì hàn, ilé-iṣẹ́ náà ní ó ti pẹ́ jù. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan, ó ká wọn padà sínú àpò, ó tún rọ́bà rẹ̀ dè. Láti ọjọ́ náà, kí oníbàárà mi tó jókòó nínú bàálù, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi fóònù ya páálí rẹ̀.

Avios yín kì í kú bí ẹ bá ń lò ó. Tí oṣù 36 bá kọjá láìsí ohun tó wọlé tàbí tó jáde, ó lọ nìyẹn. Ọjà kékeré tí ọmọ yín fi kún un ń jí i dìde. Àwọn mìíràn le jù bẹ́ẹ̀: lọ́dọ̀ Miles & More ti Lufthansa, máìlì ẹni tí kò ní ipò tí wọ́n ń fún àwọn tó ń fò léraléra ń kú ní oṣù 36 lẹ́yìn tó wọlé, yálà ẹ fò tàbí ẹ kò fò.

Ìjókòó máìlì iwájú kì í pọ̀ nínú bàálù kan. Nǹkan bí ọjọ́ 355 ṣáájú ni British Airways máa ń ṣí i, láàárín òru.   Oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ wa ń rọ́ wálé, ìparí rẹ̀ sí oṣù kìíní ni wọ́n ń padà. Àlọ yín, ẹ jẹ́ kó bọ́ sí ìgbà tí gbogbo wọn ń bọ̀ wá síbí, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń padà. Ẹ má sì jẹ́ kí físà dá yín dúró láti mú ìjókòó. Tí ìwé kò bá jáde lásìkò, ẹ lè fagi lé e, bó bá ti ku ju wákàtí 24 lọ kí bàálù gbéra. Avios á padà wọlé, owó díẹ̀ ni wọ́n máa yọ.

Ẹ wọ Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ì báà ṣe bàálù Akúrẹ́ lẹ wọ̀, ì báà ṣe ọ̀nà Ondó sí Ọ̀rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni. Bí tàkọ́kọ́ bá pẹ́, ti Lọ́ńdọ̀nù kò ní dúró dè yín, máìlì náà sì lè bá a lọ.

Tí ẹ bá ti gba ìjókòó tán, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ nílò àga oníkẹ̀kẹ́ ní Èkó àti ní Heathrow. Ọ̀fẹ́ ni. Jíjókòó níwájú kò ní kí wọ́n ṣe é fúnra wọn, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè, ìrìn láti ẹnu ilẹ̀kùn bàálù dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé nílẹ̀ ibẹ̀ sì gùn gan-an fún orúnkún tó ń dunni. Kí ẹ béèrè ẹ̀ ní àbọ̀ náà, mà.