Ọ̀kadà Tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jáde: Ohun Tí Ẹ Ó Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí ẹ ra ọ̀kadà tuntun tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì, tí kò ní kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), kí ẹ máa fi gbé èrò láti Iléṣà lọ sí Ìtagunmọ́dì àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, àbí kí ẹ dúró sórí irú ti àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé òun ni yóò máa mówó oúnjẹ wọlé, ẹ má ra ti ọdún àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì tuntun burú. Àbùkù tí àwọn tó ṣe é kò rí, ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni yóò bá wọn rí i, àpò tirẹ̀ ni wọn yóò sì ti rí i.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà Ṣáínà tàbí Íńdíà nìkan nìyí. Yamaha ti Jàpáàn gbé ọ̀kadà TX750 jáde ní 1972, wọ́n fi àwọn ìwọ̀n kan sí i nísàlẹ̀ tó ń yí kí ẹ́ńjìnnì má baà máa gbọ̀n. Àwọn ìwọ̀n yẹn ló ń lu ọ́ìlì títí tó fi ń hó, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tí afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀ kò lè gba bẹ́ríǹgì (ibi tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ti ń yí) là. Honda náà rí tirẹ̀ lára VF750F ti 1983: káńṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù (ìlẹ̀kùn epo àti èéfín nínú ẹ́ńjìnnì), ń jẹ láìtọ́jọ́. Nígbà tí VFR750F máa fi jáde ní 1986, wọ́n ti yọ ṣéènì táímínì tó ń yí káńṣáàfù kúrò, gíà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Honda yìí kan náà ló ṣe CG125 ní 1976 fún àwọn ìlú tí wọn kì í ti í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n gbé káńṣáàfù wálẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá méjì máa ti fáàfù lókè, kò sí ṣéènì táímínì rárá. Ìdí rèé tí òun àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀ láti Ṣáínà fi ń fara da ìyà tí a ń fi jẹ wọ́n.

Ẹ́ńjìnnì tuntun kò ní fara dà á. Orí ẹ́ńjìnnì ni káńṣáàfù rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì jìnnà sí pọ́ǹpù ọ́ìlì jù. Láàárọ̀, bí ẹ bá ṣe ń tan án ni ẹ ń fún un níná, gbígbẹ ló ń yí lókè. Ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, ọ́ìlì 20W-50 tó ki nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí ìwé ọ̀kadà yín bá ní 10W-30 tàbí 10W-40, ẹ má gbà fún wọn, torí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú rẹ̀ há, èyí tó ki kì í tètè dókè. Ẹ wá àmì JASO MA tàbí MA2, ìyẹn àmì ọ́ìlì ọ̀kadà, lára ike rẹ̀. Inú ọ́ìlì yẹn náà ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà wà, ọ́ìlì mọ́tò lè mú kó máa yọ̀. Kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún rọ sínú ike, ẹ sá fún un.

Ẹ má sì da ọ́ìlì kọjá àmì. Àdàjù ọ́ìlì lè ṣe ohun tó ṣe TX750 gẹ́lẹ́. Ẹ gbé ọ̀kadà náà dúró ṣánṣán, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ tó wò ó. Lára ọ̀pọ̀ Honda, ẹ kò ní yí ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì wọlé, ẹ kàn máa tì í bọ̀ ọ́ ni. Ìwé rẹ̀ ni yóò sọ ti tiyín.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ: láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà, bí ìwé bá ṣe wí. Inú abọ́ funfun ni kí ẹ tú u sí, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ wá òòfà, kódà ti sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ fi tọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ náà. Ìyẹ̀fun eérú tín-ín-tín tó mọ́ òòfà kò ní wàhálà, gíà àti ṣéènì ló ń bára wọn mu. Bí ẹ bá rí péépéé tí èékánná lè mú, tí òòfà sì gbé e, bẹ́ríǹgì tàbí eyín gíà ti ń já. Èyí tó ń dán bíi fàdákà tí òòfà kò gbé, álúmíníọ̀mù ni, láti ara písítìnì tàbí ìjókòó káńṣáàfù. Èyí tó pọ́n bí ide, búùṣì ni. Ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú iye kìlómítà tó wà lójú gééjì, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó tà á fún yín nígbà tí gàrántì ṣì wà. Ẹnu lásán kò lè gba gàrántì.

Fáàfù ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù ariwo rẹ̀, mẹkáníìkì á sì fún un títí yóò fi dákẹ́. Àṣìṣe ńlá ni. Fáàfù tó fún jù kì í jókòó dáadáa, ti èéfín ló sì máa ń kọ́kọ́ jóná. Àmì rẹ̀ ni pé kò ní fẹ́ tan láàárọ̀, yóò sì máa kú lọ́wọ́ yín bó bá ti gbóná. Lórí CG125, àlàfo fáàfù jẹ́ 0.08 mílímítà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá. Fílà gééjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe etí.

Bí ó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà láàárọ̀, ẹ yẹ ohun tó ń fa ṣéènì táímínì wò kíákíá. Ṣéènì tó bá fo eyín kan tàbí méjì lè mú kí písítìnì kọlu fáàfù.

Ti omi: kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún títu ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga, torí omi kànga ń jẹ álúmíníọ̀mù, ó sì ń dí ọ̀nà. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi. Bó bá ń kán síbẹ̀, síìlì ti lọ, ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ pa á níbi tí ẹ wà. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà Ìtagunmọ́dì máa ń dí ráńdíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù. Ẹ rọra fi omi ṣàn án, torí omi alágbára ń tẹ etí rẹ̀.

Èyí tí kò ní kábúrétọ̀, inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo rẹ̀ máa ń wà, epo yẹn náà ló ń tù ú. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ tán, ẹ sì yẹra fún epo inú kẹ́ẹ̀gì tí omi ti bọ́ sí. Bátìrì tó kú, ọ̀kadà lè má lọ. Òmíràn kò tiẹ̀ ní kíìkì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń ta páàtì ní Iléṣà. Ẹ béèrè gásíkẹ́ẹ̀tì orí, ṣéènì táímínì, abẹ̀bẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì àti pọ́ǹpù epo, ẹ ní kí wọ́n kó wọn síta kí ẹ rí wọn. Bí wọ́n bá ní Nnewi ni àwọn yóò ti bá yín pè é wá, ẹ béèrè iye ọjọ́ àti iye owó, kí ẹ fi iye tí ẹ ń pa lóòjọ́ ṣírò ọjọ́ tí ọ̀kadà náà yóò fi wà nílẹ̀.