Bentham àbí Kant: èwo lo máa gbé wọ ọjà gàrí?

Àbúrò tó ń ṣe másítà l'Ágọ̀-Ìwòyè, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní orí èrè àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lágbègbè Ìjẹ̀bú-Òde lo ti fẹ́ ṣèwádìí, súpáfáísọ̀ ẹ wá ní kó o fi ethical theory sí i, ìyẹn èrò àwọn onímọ̀ nípa ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, o wá ń bèèrè pé ṣé o ò kàn lè da ọ̀rọ̀ Kant àti Bentham, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì, kọ látinú próójẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì kó o máa bá tìẹ lọ.

Má dà á kọ o. Kì í ṣe tìtorí pé wọ́n máa mú ẹ (ká sọ òótọ́, wọ́n lè má mú ẹ), àmọ́ tíọ́rì tó o bá mú ló máa sọ ohun tó o máa bá ìyá tó ń yan gàrí sọ kóun tó la ẹnu, mo sì ti ń bá àwọn oníṣòwò gba irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ tipẹ́, látọ̀dọ̀ àwọn olóbì ní Ṣágámù dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn gàrí ní kóńgò, kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí kì í ti í jẹ yọ.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù gbéṣẹ́ fún wa nígbà kan. Wọ́n fẹ́ mọ iye èrè tó ń wà lórí àpò gàrí kan àti ìgbà tí ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn máa ń há, wọ́n tún fẹ́ nọ́ńbà fóònù wọn, àmọ́ ká má dárúkọ àwọn o, ká ní iṣẹ́ yunifásítì ni. Àlàyé wọn dùn-ún gbọ́: irọ́ kékeré báyìí, ọ̀pọ̀ obìnrin á sì tibẹ̀ rówó yá. Bentham gan-an nìyẹn, òun àti John Stuart Mill tó tún ọ̀rọ̀ náà kọ ní 1861, pé ohun tó bá ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore jù ló tọ́. Mi ò ní kó o fojú di wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣírò oore yẹn? Ilé-iṣẹ́ yẹn náà ni, kò sì ṣírò ọjọ́ tí wọ́n máa pe gbogbo ẹbí àti oníbàárà ìyá tó bá yáwó torí gbèsè.

Kant ti sọ tiẹ̀ láti 1785, pé o ò gbọdọ̀ fi èèyàn ṣe irinṣẹ́ lásán láti rí ohun tó ò ń wá. Mo ní ká dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà fáwọn obìnrin yẹn, kẹ́ni tó bá wù kó dáhùn. Wọ́n kọ̀, a dá owó àsansílẹ̀ padà. Ó dùn mí o, owó gidi ni.

Fọ́ọ̀mù consent wá ń kọ́, ìyẹn ìwé téèyàn fi ń gbà pé òun máa dáhùn, èyí tó ní àyè ìbuwọ́lù. Gbé e fún ìyá àgbà nídìí agbada gàrí kó o wá wojú ẹ̀. Ọ̀kan wò mí látòkèdélẹ̀, ó nu èéfín lójú, ó ní, "Ilẹ̀ bàbá ta lẹ fẹ́ tà tẹ́ ẹ ní n tẹ̀ka?" Ìwé ilẹ̀ àti ìwé onídùúró ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ka sí, àwọn tó kù sì rò pé káńsù ló rán wa wá wo ẹni tí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé ká ka ọ̀rọ̀ náà sókè lédè Ìjẹ̀bú, kí wọ́n fẹnu gbà, kẹ́nì kan tí kì í ṣe ara wa jẹ́rìí sí i. Tètè bá ethics committee ẹ, àwọn tó ń yẹ ìwádìí wò ní yunifásítì, sọ ọ́, wọ́n lè gbà á tó o bá ṣàlàyé ìdí.

Wàá kọ́kọ́ rí ìyálọ́jà, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyálọ́jà bá ti ní "ẹ dá wọn lóhùn", ta ló fẹ́ lóun ò ṣe? Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ Kant yìí ò bá àṣà wa mu, mi ò gbà. Mo máa ń padà bá kálukú nídìí iṣẹ́ ẹ̀ níbi tí ìyálọ́jà ò sí, màá ní tẹ́ ẹ bá kọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Àwọn míì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ máa lọ, a ó sì lọ.

Kó o kàn yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ẹ náà ò tó o. Tó o bá kọ pé obìnrin kan nílètò báyìí ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí, gbogbo ìletò ti mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀rọ ẹyọ kan ló wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ní tiẹ̀, inú ìwé míì ni kó wà, torí Nigeria Data Protection Act, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, ti wà láti 2023.

Ti Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì ayé àtijọ́, irú èèyàn tó o jẹ́ ló ń bèèrè. Àwọn tó máa bá ẹ pín ìwé ìbéèrè ni kó o gbé ìyẹn sún mọ́. Àwọn kan tá a gbà jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n fi bírò kan náà kún gbogbo ẹ̀ tán. Ọjà ọlọ́rọọrún ni, déètì tí wọ́n kọ wá bọ́ sọ́jọ́ tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń rìn kiri ìsọ̀. A dà á nù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Owó ọjọ́ ni kó o máa san fún wọn, má san án ní iye ìwé.

Fi àwọn ìbéèrè ẹ ránṣẹ́, pàápàá èyí tó bèèrè iye gbèsè tó wà lọ́rùn wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dìde kúrò níwájú wa.