Igi kọ́ ló ń mu omi oko yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní éékà méjì lọ́nà Ìjù, àgbàdo ni mo ń gbìn síbẹ̀. Láti bí ọdún mẹ́ta, bí òjò bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, àgbàdo á ti rọ. Mo ti gé gbogbo igi oko náà kí wọ́n má baà máa bá àgbàdo du omi, mo sì dáná sun ilẹ̀ kó lè mọ́. Mo wá rí fídíò àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè Niger tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sóko. Kòtò mélòó ni kí n gbẹ́ sí éékà kan?

Ìdáhùn: Ẹ má gbẹ́ ẹyọ kan. Zaï ni wọ́n ń pe kòtò yẹn. Ilẹ̀ tó ti le gbagidi, níbi tí òjò ọdún kan kì í sábà tó mìlímítà 800, ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí. Tiwa ní Àkúrẹ́ kọjá 1,200. Bí òjò oṣù Kẹfà bá kún kòtò yẹn fún yín, gbòǹgbò àgbàdo á jẹrà.

Ọ̀rọ̀ igi yẹn ló dùn mí jù, torí ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń sọ ọ́. Àwọn ará Niger tí ẹ rí nínú fídíò yẹn náà gé igi oko wọn tán nígbà kan rí. Atẹ́gùn wá ń gbé yanrìn bo jéró wọn, wọ́n sì lè tún un gbìn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kan. Láti bí 1983 ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí kùkùté rú padà: wọn ò gbin igi tuntun, wọ́n kàn dá èéhù méjì mẹ́ta sí, wọ́n gé ìyókù. Lápá Maradi àti Zinder, ilẹ̀ tí igi ti padà sí báyìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Bó bá jẹ́ pé igi ń gba omi lẹ́nu jéró, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n tó yẹn, ṣé wọ́n á ṣì dá a sí? Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí àwọn Hausa ń pè ní gao: ìgbà òjò gan-an ló ń wọ́wé, kì í ṣíji bo jéró.

Tiwa ni ayùnrẹ́ àti àgúnmániyè. Ewé wọn ń mú kí ilẹ̀ lọ́ràá. Mi ò ní kẹ́ ẹ sọ oko di igbó o, àgbàdo fẹ́ oòrùn. Igi díẹ̀ tó jìnnà síra ni mò ń wí, tí ẹ ó máa rẹ́ ẹ̀ka wọn, tí ẹ ó sì tẹ́ ewé rẹ̀ sáàárín ebè.

Ìhòòhò tí ilẹ̀ yín wà ló ń gbé omi lọ. Òjò mìlímítà 20 lórí éékà kan lé ní 80,000 lítà, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù 400. Bí ilẹ̀ bá mọ́ fefe bí àgbàlá, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣàn lọ sódò, oòrùn á gba ìyókù. Pòròpórò àti ewé Akíntọlá (àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ́, n ò bá wọn dá sí ìjà yẹn) tí ẹ dáná sun ni ìbá bò ó. Eérú á mú àgbàdo dúdú fún sáà kan, òun ló ń tàn yín jẹ.

Ẹ lè fi ìgbẹ́ adìyẹ kún un, ó pọ̀ ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kó jẹrà dáadáa kó má baà jó àgbàdo. N kò tíì fojú kan oko yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ADP (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn) fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun. Àwọn kùkùté tí ẹ gé yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti hú wọn? Bí ẹ ò bá tíì hú wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.