Èsì: Èrò tí kò fẹ́ dé akoto lórí ọ̀kadà
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ọlọ́kadà. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ gbé èrò tó ní òun kò ní dé akoto, pé orí òun ni. Ẹ má ṣe gbé èrò tó kọ akoto, bó tilẹ̀ ní orí òun ni. Lóòótọ́ ni orí jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣubú lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù tí tírélà ń gbà, ẹ̀yin ni ẹ ó gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀.

Èyí dúró bí akoto náà bá bá orí rẹ̀ mu, tí okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì ń dè dáadáa. Bí akoto náà bá ti sán, tàbí tí òógùn èrò àná ṣì ń rùn nínú rẹ̀, èrò náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Ẹ tètè wá òmíràn.